Kọ̀ǹpútà iwájú kò rí ti ẹ̀yìn: ọ̀rọ̀ lórí server inú ṣọ́ọ̀bù

(Ohùn mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà tí ẹ ò ráyè gbọ́ ọ. A yọ àwọn ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.)

Ohùn kìíní

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà méjì tí kì í rí ara wọn mọ́, torí láàárín oṣù yìí nìkan, ó tó èèyàn márùn-ún nínú wa tó pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Bákan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ ọ́: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Kọ̀ǹpútà iwájú ò ṣí ìwé mọ́. Mo ti ra data, kò yí padà."

Ọ̀rọ̀ data yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, kí ẹni tí oníbàárà dúró sí lọ́rùn lè gbọ́ ọ kó máa lọ. Kọ̀ǹpútà méjì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí wọ́n jọ so mọ́ router kan náà, kò nílò data kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Rárá o. Ọ̀rọ̀ tó ń ti iwájú lọ sí ẹ̀yìn kò jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Kò dé Lagos, áńbèlètàsé pé yóò gba abẹ́ òkun.

Ẹ rántí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Ivory Coast: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìfowópamọ́ wà ní Nàìjíríà tí app wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà, tí transfer ń dúró sáàárín ọ̀nà. Ìyẹn ni kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má sí lóòótọ́. Síbẹ̀, lọ́jọ́ yẹn gan-an, kò sí ohun tó ní kí kọ̀ǹpútà agbowó iwájú má rí ìwé tó wà lẹ́yìn. Ẹ lè máa tà, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ lókun.

Nítorí náà, tí iwájú ò bá rí ẹ̀yìn, data kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ó tiẹ̀ lè mú un burú sí i. Ẹni tó ra data sórí fóònù, tó wá tan hotspot fún kọ̀ǹpútà iwájú, òun fúnra rẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà yẹn kúrò ní agbo ilé. Ẹ̀yìn wà lórí router, iwájú ti lọ sórí fóònù. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pàdé?

Kí n tó lọ, kí ni wọ́n ń pè ní server? Kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá kan. Kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn ló ní ìwé: iye kwando tòmátò tó lọ, iye àpò àlùbọ́sà, ta ló san, ta ló jẹ. Program kan wà nínú rẹ̀ tó jókòó, tó ń retí kí ẹnìkan wá béèrè. Program tó jókòó yẹn ni server. Kọ̀ǹpútà iwájú ni oníbàárà rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọmọ tó ń gba owó bá tẹ orúkọ ẹnìkan, iwájú ń rán'ṣẹ́ lọ béèrè lẹ́yìn.

Ìdí tí mo fi ń pariwo rèé. Ẹ̀gbọ́n wa kan, mi ò ní dárúkọ, irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí i. Ó pe ọmọkùnrin kan wá. Ọmọ náà wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní àfi kí òun fọ Windows. Ó fọ̀ ọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dìde, ó mọ́ tónítóní: kò sí orúkọ oníbàárà kan, kò sí gbèsè kan. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó ata ní Mile 12 mọ̀ pé àwọn jẹ, ṣùgbọ́n iye tó wu kálukú ló sọ, ìyẹn náà ni ẹ̀gbọ́n wa sì gbà. Nígbà tí mo débẹ̀ lẹ́yìn náà, mo bá a pé kọ̀ǹpútà iwájú ṣì ń wá 192.168.0.5, router sì ti fún ti ẹ̀yìn ní 192.168.0.9. Nọ́ńbà kan ṣoṣo! Nítorí nọ́ńbà kan ni wọ́n ṣe nu ìwé gbèsè ọdún méjì.

Ohùn kejì

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ. Ọ̀pọ̀ wa, tí àpótí kékeré bá yọ lójú rẹ̀ tó kọ Gẹ̀ẹ́sì, OK la máa ń tẹ̀ kó lè kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ OK. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ná. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni ibi tí ọ̀nà ti já.

Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ rán ọmọ níṣẹ́ láti Yankaba pé kó lọ gba nǹkan wá ní ilé kan ní Sabon Gari. Ọmọ náà padà lọ́wọ́ òfo. Ohun tó bá sọ fún yín ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó kàn. Tó bá ní, "Wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn," orúkọ ni ọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà máa ń sọ ọ́ báyìí: "host not found" tàbí "could not resolve". Ó túmọ̀ sí pé ẹ fi orúkọ wá kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn, bíi SHOP-PC, orúkọ yẹn ò sì já sí ibì kankan. Bóyá ẹnìkan ti yí orúkọ náà padà, bóyá wọ́n ṣì í kọ. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wá a, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á ṣí.

Tí ọmọ bá ní, "Mo kànkùn títí ó fi sú mi, ẹnikẹ́ni ò dáhùn," ìyẹn ni "timed out". Tó bá wá ní, "Ẹnìkan jáde kíá, ó ní wọn ò ta irú ẹ̀ níbí," ìyẹn ni "connection refused".

Ẹ dúró níbi méjì yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fúnra wọn ti ń ṣìnà. Lójú ẹni tó ń bínú, ọ̀kan náà ni méjèèjì: kò ṣí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn síra. "Refused" ìròyìn ayọ̀ ni! Ó ń sọ fún yín pé wáyà dáa, router dáa, nọ́ńbà yẹn ní ẹ̀rọ kan lórí, ẹ̀rọ náà sì dáhùn. Program tó yẹ kó jókòó níbẹ̀ ni kò jókòó, tàbí ẹnu ọ̀nà tí ẹ kàn kì í ṣe tirẹ̀. Tí iná bá lọ lójijì tí kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn sì tún tàn, program yẹn lè má dìde fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Services nínú Windows, ẹ wá orúkọ rẹ̀, ẹ tẹ Start. Ẹ sì yí i sí Automatic kó lè máa dìde fúnra rẹ̀. Ó lè parí síbẹ̀.

"Timed out" ní tirẹ̀, ó lè jẹ́ pé àdírẹ́sì ti yí padà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ti sùn tàbí iná rẹ̀ ti kú, ó lè jẹ́ pé wáyà ti yọ, ó sì lè jẹ́ pé olùṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà tó dákẹ́, tí kò dá ọmọ lóhùn, tí kò sì jẹ́ kó wọlé. Olùṣọ́ yẹn ni firewall.

Ìkẹyìn, tí ọmọ bá ní, "Mo wọlé, mo rí bàbá náà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí," "access denied" nìyẹn, tàbí "login failed". Password ni, tàbí àṣẹ. Ẹni tó bá rí èyí tó ṣì ń fa wáyà yọ, tó ń tì í bọ̀ ọ́, ara rẹ̀ ló ń dà láàmú. Ọ̀nà ti dáa délé.

Ohùn kẹta

Ẹ mú bírò. Ẹ wá ìwé kan.

Ibi tó sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn router: ibi tí wáyà wọ̀, iná kékeré máa ń tàn níbẹ̀. Tí kò bá tàn, ẹ fa wáyà náà yọ, ẹ nù ún, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Eruku Kano yìí, pàápàá nígbà ọyẹ́, kì í fi ihò kankan sílẹ̀. Eku náà ń jẹ wáyà, ẹ̀yin tí ẹ ní àpò ẹ̀wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà, ní kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn, ẹ tẹ Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Ojú dúdú kan á ṣí. Ẹ kọ ipconfig síbẹ̀. Ẹ wá ìlà tó sọ pé IPv4 Address. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé. Ẹ ṣe bákan náà níwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, bíi 192.168.0, kí ìdá tó gbẹ̀yìn sì yàtọ̀. Tí ẹ̀yìn bá jẹ́ 192.168.0.9 tí iwájú sì jẹ́ 192.168.43 ohunkóhun, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó jókòó níwájú pé hotspot ta ló wà lórí rẹ̀. Tí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà yẹn béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ router, kò rí i gbà, ó wá ṣẹ̀dá tirẹ̀. Ẹ padà sí wáyà.

Àwọn router kan tún ní Wi-Fi àlejò, tí wọ́n kọ Guest sí. Tí iwájú bá wà lórí tàlejò, íntánẹ́ẹ̀tì á máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáadáa, YouTube á máa lọ, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: àlejò ò gbọdọ̀ wọ yàrá onílé.

Tí nọ́ńbà bá bára mu, ẹ lọ síwájú, ẹ kọ ping, ẹ fi àlàfo sí i, ẹ wá kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn. Tó bá dáhùn "Reply from" nọ́ńbà yẹn, ọ̀nà wà. Tí kò bá dáhùn, ẹ má tíì pariwo, torí Windows lè kọ̀ láti dáhùn ping kí ìwé sì máa ṣí dáadáa. Ohun tó dájú jù ni kẹ́ ẹ kan ẹnu ọ̀nà gan-an. Kálukú server ló ní nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí wọ́n bá a mọ̀: MySQL 3306, SQL Server 1433, PostgreSQL 5432. Ẹni tó bá fi program sínú kọ̀ǹpútà yín yẹ kó sọ èwo ni fún yín. Nínú PowerShell, ẹ kọ Test-NetConnection, nọ́ńbà ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà -Port àti nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà. Tó bá ní True, ọ̀nà ṣí dé ẹnu ọ̀nà.

Tó bá ní False, tí program sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, ohun méjì ni mo sábà máa ń bá. Àkọ́kọ́, olùṣọ́. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ router, Windows lè kà á sí ibi àjèjì, á pe ibẹ̀ ní Public, á sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ yí i sí Private, kí ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà nọ́ńbà yẹn nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa firewall pátápátá. Mo mọ̀ pé ó yára, ọmọ Beirut Road á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á gba owó rẹ̀, á lọ. Ilé tí kò ní olùṣọ́ ló fi sílẹ̀ fún yín yẹn.

Ìkejì, server lè máa gbọ́ ti ara rẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà 127.0.0.1, tàbí localhost, èmi fúnra mi ló túmọ̀ sí lẹ́nu kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé PostgreSQL wọlé, localhost nìkan ló máa ń gbọ́ títí ẹnìkan á fi yí listen_addresses padà nínú ìwé ètò rẹ̀. SQL Server Express náà, TCP/IP rẹ̀ máa ń wà ní pípa títí ẹ ó fi tàn án. Àmì rẹ̀ ni pé ìwé ń ṣí lẹ́yìn geere, kò sì ṣí níwájú láéláé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá.

Báyìí, àrùn tó pọ̀ jù láàárín wa, ìyẹn nọ́ńbà tó ń yí. Router ló ń pín nọ́ńbà. Iná á lọ, iná á dé, router kékeré á ti gbàgbé ẹni tó fún ní kí ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ fún. Àná, ẹ̀yìn ni .5, lónìí fóònù ọmọ iṣẹ́ yín ló ń jẹ́ .5. Iwájú á lọ máa kan ilẹ̀kùn fóònù. Ẹ wọ inú ètò router, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Address Reservation sí, ẹ ní kí kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà títí ayé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ká ní wọ́n ti ṣe é fún ẹ̀gbọ́n wa yẹn ni, gbèsè wọn ì bá ṣì wà nínú ìwé.

Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí i. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí náà ń kàgbákò rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, ṣé ẹ rántí? WhatsApp kú láti bí agogo mẹ́rin kọjá nírọ̀lẹ́ títí di alẹ́, òun, Facebook àti Instagram. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa fóònù, wọ́n ń tàn án. Kò sí olè kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ Facebook ń tún ọ̀nà àárín àwọn ilé kọ̀ǹpútà wọn ṣe, àṣẹ kan tí wọ́n tẹ̀ já gbogbo ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn server tó ń sọ àdírẹ́sì wọn fún ayé wá yọ ara wọn kúrò lójú ọ̀nà. Èyí tó wá dunni jù ni pé irinṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe gba ọ̀nà kan náà kọjá. Àfi kí wọ́n rán èèyàn lọ síbi tí ẹ̀rọ wà. Bíi wákàtí mẹ́fà ni. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí ètò router, ẹ jókòó tì í pẹ̀lú wáyà. Ẹ má ti Yankaba ṣe é lórí fóònù.

Ohùn kẹrin

Ìyá wa kan béèrè pé ṣé àwọn lè wà ní Yankaba, tàbí kí ọmọ àwọn wà ní Mile 12, kí wọ́n máa wo ìwé tó wà ní Sabon Gari. Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àwọn kan ṣe ń ṣe é.

Níbí, a nílò data o, torí ọ̀rọ̀ ti jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Router tó ń lo SIM kì í sábà ní àdírẹ́sì tirẹ̀ níta. Ilé iṣẹ́ fóònù á kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ nọ́ńbà kan, bí ilé face-me-I-face-you tó ní yàrá ogún lábẹ́ nọ́ńbà ilé kan. Ẹ lè jáde láti inú yàrá yín, ṣùgbọ́n àlejò tó bá dé ẹnu géètì ò mọ yàrá tí ẹ wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun á ṣí port sórí SIM yín kẹ́ ẹ lè máa wọlé láti Lagos, ẹ bi í léèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ká tiẹ̀ ní ẹ ní àdírẹ́sì tiyín, ẹ má ṣí ẹnu ọ̀nà ìwé yín sí gbangba. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi ẹ̀rọ kan ilẹ̀kùn gbogbo ayé tọ̀sán-tòru. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún server MongoDB tí àwọn tó ni wọ́n ṣí sílẹ̀ láìsí password. Wọ́n nu ìwé inú wọn, wọ́n ní kí wọ́n wá fi Bitcoin rà á padà. Ẹ lo VPN, bíi Tailscale, tó ń ṣe ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín fóònù yín àti ṣọ́ọ̀bù. Tí AnyDesk bá ni ẹ̀ ń lò, ẹ má fún àjèjì ní nọ́ńbà tó bá gbé jáde, kódà kó máa pe ara rẹ̀ ní báńkì.

Ó ku kékeré kan. Tí kọ̀ǹpútà bá ń sọ pé ojú òpó báńkì ò ṣeé fọkàn tán, tí gbogbo ibi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ń kọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti ọdún ní igun ìsàlẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi owó ẹyọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà, CR2032 ni wọ́n sábà máa ń lò. Tó bá ti kú, tí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà á padà sí ọdún àtijọ́, ìwé ẹ̀rí gbogbo ojú òpó á sì dà bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà, kò wọ́n.

Lóru òní, kẹ́ ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí program yín ṣe backup ìwé sórí flash. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé flash yẹn lọ sílé, ẹ má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá wá tún un ṣe tó sì ní òun fẹ́ fọ Windows, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣí backup yẹn lójú yín lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kẹ́ ẹ rí orúkọ oníbàárà méjì mẹ́ta níbẹ̀. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ fún un lówó mọ́tò, kó máa lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí, ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò àpótí tó yọ ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ìdajì, pẹ̀lú nọ́ńbà IPv4 iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ má fi password sí i o. Inbox mi ni kẹ́ ẹ fi í sí, kì í ṣe inú group. Màá dáhùn lẹ́yìn agogo mẹ́jọ alẹ́ ọ̀la, torí ọkọ̀ tòmátò kan ń gbẹ́rù láàárọ̀.